Dírónù Àkọ́rà: Ẹ Rò Ó Dáadáa Kí Ẹ Tó Náwó

Ohun èlò kan tí àwọn ìyá wa kò mọ̀ ni mo fẹ́ kí a jọ sọ̀rọ̀ lé lórí ní oṣù yìí. Dírónù ni, ọkọ̀ òfuurufú kékeré tí kò ní awakọ̀ nínú, tí a ń fi rìmóòtù tàbí fóònù darí láti ilẹ̀. Ó dájú pé ẹ ti rí i ní òde ìgbéyàwó, níbi tí ó ti ń kùn bí oyin lókè kánópì, tí ó ń ya ìyàwó àti ọkọ bí wọ́n ṣe ń jó wọlé. Ó lè jẹ́ pé ọmọ yín ti ń bẹ̀ yín pé kí ẹ ra ọ̀kan fún òun. Ó lè jẹ́ àbúrò yín tí ń ṣiṣẹ́ fọ́tò ni ó wá yá owó lọ́wọ́ yín. Ó sì lè jẹ́ ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ fẹ́ fi kún iṣẹ́ ọwọ́ yín.

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ni ó kan olùkọ́ ìmọ̀ ìtọ́jú ilé nínú ọ̀rọ̀ ohun tí ń fò lójú ọ̀run, èsì mi kò jìnnà. Inú àpò ilé ni owó rẹ̀ ti ń jáde. Inú yàrá wa ni wọ́n ti ń fi iná sí bátìrì rẹ̀. Bí ó bá sì já lulẹ̀, ọmọ wa ni ó lè já lé lórí. Yàtọ̀ sí èyí, mo ti fi owó ara mi kọ́ ọgbọ́n nípa rẹ̀, n kò sì fẹ́ kí ẹ̀yin náà san irú owó ilé-ìwé tí mo san.

OHUN TÍ OJÚ MI RÍ

Ní ọdún 2021, àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ìyá mi, ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Kò rí iṣẹ́ ìjọba, ṣùgbọ́n ó mọ kámẹ́rà lò, àwọn ènìyàn sì ti ń pè é sí òde. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ó wá bá mi, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, bí mo bá lè ní dírónù, iye tí wọn yóò máa san fún mi yóò lé ní ìlọ́po méjì.” Mo gbà pé òótọ́ ni ó sọ. Mo yá owó ní ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ibi iṣẹ́ wa, owó tí wọn yóò máa yọ lára owó oṣù mi fún oṣù mẹ́rìnlá.

Nígbà tí a dé ọjà, ohun tí mo máa ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé kí wọ́n má ṣe gan-an ni mo ṣe. Mo fi ẹwà yan ọjà. Mo bi olùtajà pé, “Èwo ni àwòrán rẹ̀ dára jù?” Ó gbé ọ̀kan tí ó wúwo ju kìlógíráàmù kan lọ kalẹ̀. Mo sanwó, mo sì fi ọ̀yàyà gbé e lé àbúrò mi lọ́wọ́.

Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni ó gbé e sókè, ní òwúrọ̀ tí atẹ́gùn kò fẹ́, kí ó tó gbé e lọ sí òde ìgbéyàwó kan nínú ẹbí wa. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà òjò ṣú, atẹ́gùn sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́. Dírónù náà ti yíjú padà sí i. Nígbà tí ó tẹ ọ̀tún, òsì ni ó gbà. Ọkàn rẹ̀ dàrú. Dírónù kọ lu etí kánópì, ó sì já bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé níbi tí àwọn obìnrin ti ń dáná. Abẹ̀bẹ̀ rẹ̀, tí ó ṣì ń yí kíkankíkan, gé ọwọ́ obìnrin kan tí ń bu ìrẹsì. Obìnrin náà pọn ọmọ oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn.

Ilé ìwòsàn ni wọ́n ti rán ọwọ́ rẹ̀. A san owó ìtọ́jú, a lọ bẹ òun àti ọkọ rẹ̀ ní ilé wọn, wọ́n sì dárí jì wá. Ṣùgbọ́n títí di òní, bí mo bá rántí bí abẹ̀bẹ̀ náà ṣe súnmọ́ orí ọmọ yẹn tó, ara mi a máa gbọ̀n. Dírónù fọ́ yángá. Oṣù mẹ́tàlá gbáko ni mo fi san gbèsè ohun tí kò sí mọ́.

Mo ti rò ó sọ́tùn-ún sósì, mo sì mọ̀ pé àbúrò mi kọ́ ni ó jẹ̀bi, èmi ni. Ẹni tí kò tíì mọ kẹ̀kẹ́ gùn ni mo ra ọkọ̀ akẹ́rù fún. Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ọ̀rọ̀ mi yòókù, ẹ má ṣe gbàgbé èyí: dírónù tí a kọ́kọ́ rà kì í ṣe èyí tí a ó fi gbowó, èyí tí a ó fi kọ́ṣẹ́ ni. Kí ó kéré, kí ó fúyẹ́, kí ó sì jẹ́ pé bí ó bá fọ́ lónìí, ọbẹ̀ ilé kò ní di omi lásán lọ́la.

BÍ Ó ṢE Ń FÒ

Kò yẹ kí a ra ẹ̀rọ tí a kò mọ bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù nínú dírónù ní apá mẹ́rin, mọ́tò kékeré kan sì wà ní orí apá kọ̀ọ̀kan tí ń yí abẹ̀bẹ̀. Méjì nínú abẹ̀bẹ̀ wọ̀nyí ń yí sí ọ̀tún, méjì ń yí sí òsì. Bí gbogbo wọn bá ń yí sí ọ̀nà kan náà, ara dírónù fúnra rẹ̀ yóò máa pòòyì ní òdì kejì ni. Nítorí náà ni abẹ̀bẹ̀ fi jẹ́ oríṣi méjì, tí wọ́n sì fi àmì sí wọn lára. Bí abẹ̀bẹ̀ kan bá ṣẹ́, tí a sì fi oríṣi kejì rọ́pò rẹ̀, dírónù yóò dojú dé ní kété tí ó bá fẹ́ gbéra. Ẹni tí ó bá ti lo ẹ̀rọ ìránṣọ yóò mọ irú ọ̀rọ̀ yìí: abẹ́rẹ́ tí kì í ṣe ti ẹ̀rọ náà ń ba ẹ̀rọ jẹ́ ni.

Bí a bá fẹ́ kí dírónù lọ síwájú, àwọn abẹ̀bẹ̀ ẹ̀yìn yóò yára ju ti iwájú lọ, ara rẹ̀ yóò sì tẹ̀ síwájú díẹ̀. Kọ̀ǹpútà kékeré tí ó wà nínú rẹ̀ ni ó ń ṣe ìṣirò yìí láìdúró. Àwọn kan tún ní ohun tí a mọ̀ sí GPS, tí ń gba àmì láti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì ojú ọ̀run, tí ó ń jẹ́ kí dírónù mọ ibi tí ó wà, kí ó lè dúró lójú kan nígbà tí a bá yọ ọwọ́ kúrò lórí rìmóòtù, kí ó sì lè padà sí ibi tí ó ti gbéra bí ó bá sọnù. Àwọn tí kò ní in, atẹ́gùn lè gbé wọn lọ.

ÌBÉÈRÈ MẸ́RIN KÍ Ẹ TÓ LỌ SÍ ỌJÀ

Èkíní, ta ni yóò máa lò ó? Bí ó bá jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá, kí ẹ wá èyí tí wọ́n fi nǹkan yí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ká kí ìka má baà wọ inú rẹ̀, kí àgbàlagbà sì máa dúró tì í. Bí ó bá jẹ́ ẹni tí ó fẹ́ fi ṣiṣẹ́ ni, kí ẹ wá èyí tí rìmóòtù rẹ̀ jọ ti àwọn tí yóò lò lẹ́yìn ọ̀la, kí ọwọ́ rẹ̀ lè mọ́ ọn.

Èkejì, kí ni a fẹ́ fi ṣe? Ìwúlò dírónù pọ̀. Ní ọdún 2022 ni ilé-iṣẹ́ Zipline bẹ̀rẹ̀ sí í fi irú rẹ̀ gbé oògùn lọ sí àwọn ilé ìwòsàn ní ìpínlẹ̀ Kàdúná. Àwọn kan ń fi wọ oko, àwọn kan ń fi wọn ilẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ńlá wọ̀nyí kò kan ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé kí ó gbé e sókè, kí ó sì sọ ọ́ kalẹ̀ láìfọ́.

Ẹ̀kẹta, níbo ni a ó ti máa fò ó? Ẹni tí ń gbé inú ilé onígbèéríko méjìlá ní Mushin kò ní irú àyè tí ẹni tí ń gbé ẹ̀bá pápá ilé-ìwé ní Ìséyìn ní. Bí kò bá sí ibi gbalasa nítòsí yín, èyí tí a lè lò nínú pálọ̀ ni kí ẹ rà.

Ẹ̀kẹrin, bí ó bá bàjẹ́, ta ni yóò tún un ṣe? Kí ẹ béèrè ní ọjà bóyá abẹ̀bẹ̀ àti bátìrì rẹ̀ wà lọ́tọ̀ fún títà. Dírónù tí kò sí ẹni tí ń ta ohun èlò rẹ̀ ní agbègbè yín yóò di ohun ìṣeré orí kọ́bọ́ọ̀dù láìpẹ́.

ÒFIN WÀ NÍBẸ̀

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà nìyí, ibẹ̀ sì ni àwa náà ti kọ́kọ́ ṣìnà. Òfuurufú Nàìjíríà kì í ṣe pápá ìṣeré. Ní ọdún 2016, àjọ tí ń mójú tó ìrìnnà ọkọ̀ òfuurufú, èyí tí a mọ̀ sí NCAA, kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fò dírónù ní orílẹ̀-èdè yìí láìgba àṣẹ lọ́wọ́ òun, àti lọ́wọ́ ọ́fíìsì Olùdámọ̀ràn Ààrẹ lórí Ètò Ààbò. Ọ́fíìsì kejì yìí náà ni ó ń fún ènìyàn ní ìwé tí ó fi hàn pé olùlò tòótọ́ ni, kí ó tó kó irú ẹrù bẹ́ẹ̀ wọlé. Bí kò bá sí ìwé yìí, àwọn aṣọ́bodè lè gba dírónù náà ní pápákọ̀ òfuurufú, wọ́n sì ti gba ti ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Nítorí náà, bí ẹ̀gbọ́n yín ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ọmọ yín ní Amẹ́ríkà bá ní òun fẹ́ mú dírónù bọ̀ bí ẹ̀bùn Kérésìmesì, ẹ kọ́kọ́ dá a dúró. Kí ó má ṣe gbé e sínú ẹrù rẹ̀ títí ẹ ó fi béèrè ohun tí òfin wí ní ọwọ́ NCAA. Ẹ má sì gba ọ̀rọ̀ olùtajà tí ó bá sọ pé, “Kò sí ìyọnu, gbogbo ènìyàn ni ó ń rà á.” Òun kọ́ ni wọn yóò mú bí ọ̀rọ̀ bá ṣẹlẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ìjọba kàn ń fi ayé ni ènìyàn lára ni. Àwọn agbésùnmọ̀mí náà ń lo dírónù. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, àwọn ọmọ ogun fi òfin de lílo rẹ̀ ní àwọn ìpínlẹ̀ tí ó wà ní ìhà ìlà-oòrùn àríwá ilẹ̀ wa nítorí ọ̀rọ̀ ààbò. Ẹ̀yin tí ọmọ yín bá fẹ́ lọ sìn ìlú ní irú agbègbè bẹ́ẹ̀, ẹ sọ fún un pé kí ó fi dírónù sílẹ̀ nílé. Níbikíbi tí a bá sì wà, a kò gbọdọ̀ fò ó nítòsí pápákọ̀ òfuurufú, bárékè ológun, ọgbà ẹ̀wọ̀n tàbí ilé ìjọba.

Òkè òkun náà kò ṣe é ní ẹ̀yà. Ní Amẹ́ríkà, dírónù ìgbafẹ́ tí ó bá ti wúwo tó 250 gíráàmù gbọ́dọ̀ ní ìforúkọsílẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026, ẹni tí yóò fò èyí tí ó bá ti tó 100 gíráàmù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe ìdánwò kí ó sì gba nọ́ńbà. Ní ilẹ̀ méjèèjì, a kò gbọdọ̀ gbé e ga ju nǹkan bí 120 mítà lọ. Ẹ rí i pé ìwọ̀n ni àwọn tí ń ṣòfin ń wò. Àwa náà, ìwọ̀n ni kí a kọ́kọ́ wò.

ORÍṢI MẸ́TA

Láti jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yé wa, mo pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta.

Àkọ́kọ́ ni èyí tí a lè lò nínú ilé. Àpẹẹrẹ rẹ̀ ni Tello, tí ó jáde ní ọdún 2018. Gbogbo ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 80 gíráàmù, kò ju ẹyin adìẹ ńlá kan lọ púpọ̀. Ó ń fò fún ìṣẹ́jú mẹ́tàlá, 99 dọ́là sì ni iye tí wọ́n ń tà á nígbà tí ó kọ́kọ́ jáde. Kò ní GPS, nítorí náà atẹ́gùn ìta kì í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá kọ lu àga tàbí ògiri, a ó kàn ṣà á nílẹ̀ ni. Ní ẹ̀gbẹ́ yìí kan náà ni Neo, tí ilé-iṣẹ́ DJI ti Ṣáínà gbé jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024. Ìwọ̀n tirẹ̀ jẹ́ 135 gíráàmù, wọ́n fi nǹkan yí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ká, ó ń gbéra lórí àtẹ́lẹwọ́, ó sì ń fò fún nǹkan bí ìṣẹ́jú méjìdínlógún. 199 dọ́là ni ó bẹ̀rẹ̀ láìsí rìmóòtù nínú rẹ̀. Èyí tí a bá rà láti fi kọ́ṣẹ́, rìmóòtù ni kí a fi kún un, nítorí pé orí fóònù nìkan kì í kọ́ ọwọ́ dáadáa.

Ìkejì ni èyí tí ó fúyẹ́ ṣùgbọ́n tí ó tó fò níta. Àpẹẹrẹ rẹ̀ ni Mini 4K ti ọdún 2024. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 249 gíráàmù, bí ìdajì omi inú ọ̀rá kan. Ó ní GPS, ó ní rìmóòtù, ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é sì sọ pé ó lè fò fún ìṣẹ́jú mọ́kànlélọ́gbọ̀n. 299 dọ́là ni ó bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé kò ní ojú iwájú tí yóò fi rí ògiri tàbí igi; ìsàlẹ̀ nìkan ni ó ń wò. Ẹni tí ń darí rẹ̀ ni ojú rẹ̀.

Ìkẹta ni àwọn ńlá, bí Air 3 ti ọdún 2023 tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 720 gíráàmù, àti àwọn tí ó wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iṣẹ́ wọn dára, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ti ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni èmi ti bẹ̀rẹ̀, ẹ sì ti gbọ́ ibi tí ó parí sí.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ọmọdé àti ẹni tí kò tíì di rìmóòtù mú rí bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ti àkọ́kọ́. Ẹni tí ó dàgbà, tí ó ní pápá nítòsí, tí ó sì ti gba àṣẹ, lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìkejì. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ìkẹta ṣe ìpìlẹ̀.

OWÓ TÍ Ó FARA SIN

Iye tí a kọ sára páálí kọ́ ni gbogbo owó dírónù. Bátìrì kan kì í tó, nítorí pé ìṣẹ́jú tí ilé-iṣẹ́ kọ jẹ́ ti ibi tí atẹ́gùn kò fẹ́, a sì gbọ́dọ̀ sọ dírónù kalẹ̀ kí bátìrì tó gbẹ. Abẹ̀bẹ̀ àfipamọ́ ṣe pàtàkì, nítorí pé òun ni ó máa ń kọ́kọ́ ṣẹ́. Káàdì tí a ń tọ́jú àwòrán sí, àpò tí a ń gbé e sí, owó ìwé àṣẹ àti owó ọkọ̀ lọ sí pápá náà wà níbẹ̀.

Báyìí ni kí ẹ ṣe é: ẹ pín owó tí ẹ ní sí ọ̀nà mẹ́wàá. Ẹ fi mẹ́fà ra dírónù fúnra rẹ̀. Ẹ fi mẹ́ta ra bátìrì, abẹ̀bẹ̀ àti àwọn ohun yòókù. Ẹ fi ẹyọ kan pamọ́ de ọjọ́ tí yóò fọ́, nítorí pé yóò fọ́. Owó ìwé àṣẹ kò sí nínú mẹ́wàá yìí. Kí ẹ mọ iye rẹ̀, kí ẹ sì yà á sọ́tọ̀ kí ẹ tó ṣí ọwọ́ rárá. Bí mẹ́fà kò bá tó ra èyí tí ẹ ń wò, ẹ sọ̀kalẹ̀ sí èyí tí ó kéré sí i. Ẹ má ṣe fi owó oúnjẹ, owó ilé-ìwé tàbí owó àjọ tí kì í ṣe tiyín nìkan kún un.

BÍ Ó BÁ JẸ́ ÀLÒKÙ

Àlòkù dára bí a bá mọ ojú rẹ̀. Kí a tó sanwó, kí a wo bátìrì: bí ikùn rẹ̀ bá wú, kí a dá a padà. Kí a fi ọwọ́ yí mọ́tò kọ̀ọ̀kan jẹ́jẹ́. Kò gbọdọ̀ máa ha bí ẹni pé iyanrìn wà nínú rẹ̀. Kí a wo apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bóyá wọ́n ti là. Kí a ní kí olùtajà gbé e sókè lójú wa. Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù ni pé kí ẹni tí ó kọ́kọ́ ni dírónù yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lórí rẹ̀ nínú fóònù, nítorí pé bí ti DJI bá ṣì wà lórúkọ ẹlòmíràn, ẹni tuntun kò ní lè fi orúkọ ara rẹ̀ lò ó. Orúkọ ẹlòmíràn tí kò ṣeé yọ tún lè jẹ́ àmì pé ẹrù olè ni. Ẹ gba rìsíìtì.

BÍ A ṢE Ń KỌ́ Ọ

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ òde ìgbéyàwó yẹn, ọdún kan kọjá kí àbúrò mi tó tún fi ọwọ́ kan rìmóòtù. Kékeré olówó díẹ̀ ni a rà nígbà náà, pálọ̀ mi ni ó sì ti fi kọ́ ọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ètò tí a tẹ̀ lé nìyí.

Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ó ń gbé e sókè dé àyà, ó ń jẹ́ kí ó dúró lójú kan, ó sì ń sọ ọ́ kalẹ̀. Kò ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lórí ọ̀pọ̀ rìmóòtù, ọ̀pá òsì ni ó ń gbé e sókè sódò tí ó sì ń yí ojú rẹ̀, ọ̀pá ọ̀tún ni ó ń gbé e síwájú, sẹ́yìn àti sí ẹ̀gbẹ́. Ọwọ́ gbọ́dọ̀ mọ èyí láìjẹ́ pé a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ronú.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, a to bàtà mẹ́rin sílẹ̀ ní igun mẹ́rin, ó sì ń fò láti orí ọ̀kan dé orí èkejì pẹ̀lú ẹ̀yìn dírónù sí i. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta àti ìkẹrin, ó yí ojú dírónù padà sí ara rẹ̀. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà, nítorí pé ọ̀tún di òsì, òsì sì di ọ̀tún. Ohun tí ó ṣe wá léṣe nìyẹn, a kò sì kúrò níbẹ̀ títí ó fi mọ́ ọn lára. Lẹ́yìn náà ni ó ń fò yípo bí nọ́ńbà 8.

Bí ẹ bá dé pápá, ẹ dúró kí GPS rí sátẹ́láìtì tó kí ẹ tó gbéra, kí dírónù lè mọ ilé rẹ̀. Ẹ ṣètò ìpadàbọ̀ rẹ̀ kí ó ga ju igi àti òpó iná tí ó ga jù níbẹ̀ lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò fi orí sọ wọ́n nígbà tí ó bá ń bọ̀. Bí bátìrì bá ku ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ pè é sílé. Bí òjò bá ṣú, tàbí bí ewé igi bá ń mì tagbáratagbára, ẹ jókòó. Ní ìgbà ọyẹ́, ẹ má ṣe gbé e sókè láti orí iyẹ̀pẹ̀ gbígbẹ, nítorí pé eruku ń wọ inú mọ́tò. Ẹ tẹ́ ẹní tàbí pákó sílẹ̀. Ẹ má ṣe fò ó lórí ènìyàn. Ẹ̀yin obìnrin tí ẹ bá ń darí rẹ̀, ẹ di irun yín, ẹ ká ìborùn yín kúrò, ẹ sì bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ gígùn sílẹ̀.

BÁTÌRÌ NÍNÚ ILÉ

Bátìrì dírónù kì í ṣe bátìrì tọ́ọ̀ṣì. Agbára púpọ̀ ni a fún mọ́ inú nǹkan kékeré, bí ó bá sì bínú, iná ni ó ń di. Ẹ má ṣe fi iná sí i lóru nígbà tí gbogbo ilé bá ń sùn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òru ni iná ìjọba máa ń dé ní àdúgbò mìíràn. Orí sìmẹ́ńtì ni kí ẹ gbé e sí, kì í ṣe orí bẹ́ẹ̀dì tàbí tìmùtìmù, kí ó sì jìnnà sí kọ́tìnì, kẹrosíìnì àti gáàsì. Bí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fò dé, ẹ jẹ́ kí ara rẹ̀ tutù kí ẹ tó fi iná sí i. Ẹ má ṣe fi í sínú ọkọ̀ tí oòrùn ń pa. Bí ẹ kò bá ní lò ó fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, ẹ jẹ́ kí iná inú rẹ̀ wà ní nǹkan bí ìdajì. Kíkún tàbí gbígbẹ fún ìgbà pípẹ́ ń ba ayé rẹ̀ jẹ́. Èyí tí ó bá ti wú, ẹ má ṣe gún un, ẹ má ṣe sọ ọ́ sínú iná tàbí ààtàn tí àwọn ọmọdé ń ṣeré dé.

Ní báyìí, àbúrò mi ti ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá kan tí ìwé àṣẹ rẹ̀ pé. Dírónù ńlá wà ní ọwọ́ rẹ̀ nísinsìnyí, ṣùgbọ́n kékeré tí ó fi kọ́ṣẹ́ ṣì wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù mi, pẹ̀lú apá kan tí a fi gíláàsì tépù lẹ̀. Nígbà tí ọmọbìnrin mi pé ọdún mọ́kànlá, òun ni mo gbé kalẹ̀ fún un. Kí ó tó fọwọ́ kàn án, mo kọ́kọ́ sọ ìtàn obìnrin tí ń bu ìrẹsì fún un, àti ti ọmọ tí ó pọ̀n sẹ́yìn. Ó gbọ́ ọ tán, ó dákẹ́ díẹ̀, ó sì bi mí pé, “Màmá, ṣé kí n kọ́kọ́ gbé àbúrò mi lọ sí yàrá?” Mo mọ̀ nígbà náà pé ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ ti wọlé.

Ó dìgbà kan ná. Kí Olúwa bá wa ṣọ́ ilé àti ọmọ wa o.